Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àjọni

Láti òwúrọ̀ ni Marlys Tveit ti ń rìn kiri inú ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé tí kò ríbi yé sí. Ó gbé páànù tó fi ń ṣe wáfù wọ inú ọkọ̀, ó tún gbé e bọ́ sílẹ̀, ó tún gbé e padà. Ó kó àwòrán Britta ọmọ rẹ̀ sínú páálí, ó gbé páálí náà sórí àtẹ̀gùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà mẹ́ta ló ti kó, gbogbo wọn ló jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé kò ṣeé rí mọ́, èéfín ti gbé e mì. Hẹlikópítà ń kọjá lókè òrùlé léraléra, garawa omi ńlá ń mì dirodiro nídìí rẹ̀, ìgbàkigbà tó bá sì kọjá ni àwọn abọ́ ilé ìdáná máa ń gbọ̀n.

Iná igbó ni. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń jó bọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ti darí rẹ̀ sí àfonífojì wọn láti àná. Àwọn ọlọ́pàá ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n múra. Wọn kò tíì ní kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ ní Montana mọ̀ pé láàárín "ẹ múra" àti "ẹ máa lọ", ènìyàn lè má rí àyè mu ife kọfí kan tán.

Orrin ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ó ti kó màlúù lọ sí Billings lánàá, ọ̀nà wákàtí mẹ́fà, ó sì ti ń bọ̀ nílé pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, ó ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí fóònù bá gbà fún un. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn ni Marlys lè gbé sá: ìwé ilẹ̀, aṣọ òtútù, páànù wáfù. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè fọwọ́ kàn, ìyẹn sì ni ohun tó wà nínú séèfù ìbọn ní yàrá abẹ́ ilẹ̀.

Kì í ṣe tìtorí àwọn ìbọn ọdẹ o. Ìbọn ọdẹ pọ̀ lágbègbè yẹn bí ọkọ́ ṣe ń pọ̀ nílé àgbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta mìíràn ló wà níbẹ̀: irin gbọọrọ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ má baà fọ́ni létí, àti ìbọn ẹlẹ́nu kúkúrú kan tí Orrin fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ìjọba àpapọ̀ kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Wọ́n ń gba àwòrán, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka, wọ́n sì ń mú kí ènìyàn dúró de òǹtẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó ń dúró dè.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni Orrin lọ bá lọ́yà kan ní Missoula, wọ́n sì kọ ìwé kan tí gbogbo wọn ń pè ní àjọni. Ìwé yẹn gan-an ló ni nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ènìyàn kankan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó lè gbé e lọ sóko ọdẹ, ó lè tọ́jú rẹ̀ sílé ara rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló ń fọ ṣòkòtò olóhun, tí wọ́n bá bá nǹkan náà níkàáwọ́ rẹ̀ lóun nìkan, ẹ̀wọ̀n ni. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà: Orrin, Dell àbúrò rẹ̀, àti Verle Hutchens ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Verle! Verle tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pọ́n ayùn ní ilé iṣẹ́ pákó títí tí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Verle tó yá àkàbà wọn láti ìgbà ìrúwé èèṣí tí kò tíì dá a padà. Orúkọ irú èyí wà níbẹ̀, ti ìyàwó ilé kò sí. Marlys kò fi ìgbà kan béèrè ìdí rẹ̀. Ó ń retí kí Orrin fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, Orrin kò sì sọ ọ́, báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó sáàárín wọn lórí tábìlì oúnjẹ fún odindi ọdún mẹ́jọ. Ó dùn ún. Kò dùn ún bí ọgbẹ́, ó dùn ún bí òkúta kékeré tó wà nínú bàtà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ iná yìí, bó ṣe ń kọsẹ̀ lára páálí kan náà fún ìgbà kejì, ó bá ara rẹ̀ sọ ọ́ ketekete: òun máa mọ ìdí rẹ̀ lónìí. Bí ilé yìí bá jó, òun ò ní bá ọkùnrin tí kò fọkàn tán òun kọ́ òmíràn.

Dell wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn panápaná. Verle ló kù tó lè wá ṣí séèfù.

Aago kan ku díẹ̀ ló dé, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó so aṣọ pupa mọ́ imú bí olè inú sinimá.

"Ìyàwó wa, ṣé o ti ṣe tán?"

"Èmi ò tíì ṣe tán, iná ló ti ṣe tán. Ọkọ̀ rẹ dà?"

"Ó ń hó bí ìkòkò. Mo ti fi í sílẹ̀ lẹ́bàá afárá. Ọkọ̀ tìẹ la máa gbé."

"Àkàbà wa ńkọ́?"

"Àkàbà wo?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí iná bá dé ilé rẹ, kó yáa bẹ̀rẹ̀ láti orí àkàbà yẹn."

Verle rẹ́rìn-ín sínú aṣọ imú rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Marlys tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n dé iwájú séèfù, ọkùnrin náà dúró, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo ilẹ̀.

"Jọ̀ọ́, yí ojú sí ògiri."

"Kí lo wí?"

"Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀. Tí o bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní nǹkan náà wà níkàáwọ́ rẹ. Òfin ni, èmi kọ́."

"Verle, ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin yẹn. Mo mọ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wọ inú ẹran. Ìwọ wá ní kí n yí ojú sí ògiri nínú ilé mi?"

"Má bínú, ìyàwó wa. Iná ò ní dúró dè wá."

Marlys yí ojú sí ògiri. Ó ń gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń dún, ẹ̀ẹ̀mẹfà, etí rẹ̀ sì ń gbóná. Ó wù ú kó yíjú padà kó wo nọ́ńbà náà tààrà, kó sì kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. Kò ṣe é. Ìtìjú ló bá a dípò ìyẹn, ìtìjú ẹni tí wọ́n ní kó jáde síta kí àgbàlagbà lè sọ̀rọ̀.

Verle kó àwọn ìbọn ọdẹ jáde ná, Marlys sì bá a gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kó nǹkan mẹ́ta yẹn sínú àpò dúdú gígùn kan, tí Marlys nawọ́ sí i láti ràn án lọ́wọ́, ọkùnrin náà fa àpò sẹ́yìn fìrì.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Àsọdùn ni. Bí alábòójútó bá ti wà níbẹ̀, ẹlòmíràn lè bá a gbé e, Verle náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí bẹ̀rù ìjọba àpapọ̀ ju Ọlọ́run lọ, ó sì gbà pé Ọlọ́run ṣì lè gbọ́ àlàyé. Ó tún bọ ọwọ́ sínú séèfù, ó mú fáìlì aláwọ̀ ewé kan.

"Ìwé gbọ́dọ̀ bá nǹkan rìn," ó wí. "Tí wọ́n bá dá wa dúró, ìwé la máa fi hàn."

"Ìwé ni mo lè gbé, àbí ìyẹn náà á bú gbàù?"

Ó gbé fáìlì náà fún un.

Wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn tán tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi yà wọ àgbàlá, iná orí rẹ̀ ń kọ mànà. Ọmọdékùnrin ọlọ́pàá kan yọ orí síta. Oúnjẹ tí Marlys ń sè ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ló fi dàgbà.

"Mà, ó ti tó! Ẹ máa lọ báyìí. Ẹ má padà wọlé fún ohunkóhun."

"Páálí àwòrán mi wà lórí àtẹ̀gùn."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sáré wọlé lọ gbé e. Ọmọ náà kàn mi orí. Kò sẹ́ni tó lè bá obìnrin tó ti fún un ní ọ̀dùnkún gígún fún ọdún mẹ́fà jà.

Ojú ọ̀nà kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ tó kó ẹṣin, ọkọ̀ tó kó àga àti bẹ́ẹ̀dì, bàbá àgbàlagbà kan tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gé koríko ní tirẹ̀. Eérú ń já bọ́ sórí gíláàsì ọkọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èlùbọ́. Marlys ló ń wa ọkọ̀. Verle jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àpò dúdú lé itan, ó fi apá méjèèjì dì í mú bí ìyá ìkókó. Fáìlì wà níwájú wọn, níbi tí gíláàsì ti pàdé ọkọ̀.

"Ṣé wàá bojú wẹ̀yìn?" Verle béèrè.

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Tìrẹ ni kó bù sí."

Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún rìn díẹ̀. Marlys ń fi ìka lu sítíárì. Ó ṣí fèrèsé, èéfín wọlé, ó tún tì í. Ọ̀rọ̀ tó ti wà ní ọ̀fun rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ kò ṣeé gbé mì mọ́.

"Verle, kí ló dé tí orúkọ mi ò sí nínú ìwé yẹn?"

Ọkùnrin náà yíjú sí i, ẹnu yà á ní tòótọ́.

"Ìwọ lo ní o ò fẹ́."

"Èmi?"

"Orrin ló sọ bẹ́ẹ̀. Níwájú lọ́yà ni. Lọ́yà bi í pé ìyàwó ńkọ́, ó ní Marlys ò nífẹ̀ẹ́ sí i, pé o ò fẹ́ kí wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ. Mo tiẹ̀ rò ó pé o gbọ́n jù wá lọ."

"Kò sẹ́ni tó bi mí," Marlys wí. "Gbọ́ mi dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Verle gbé àpò náà láti itan ọ̀tún sí itan òsì. Lójú Marlys, àìkọ orúkọ òun ti burú tó, irọ́ tún gorí ẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ dúdú fún eérú, ó sì ń ronú ilé kékeré kan ní Spokane lẹ́bàá ibi tí Britta ti ń kàwé, yàrá kan, fèrèsé kan, kò sí séèfù.

Pápá ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n darí gbogbo ènìyàn sí. Àwọn obìnrin ìjọ ń pín omi àti búrẹ́dì. Màlúù ń ké, ọmọdé ń ké, ẹnìkan ń fi gbohùngbohùn wá onímọ́tò kan tó dí ọ̀nà. Bí Marlys ṣe pa ẹ́ńjìnnì báyìí ni Verle bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí lórí àga.

"Ìyàwó wa, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Lọ tọ̀."

"Àpò yìí ńkọ́?"

"Gbé e sílẹ̀."

"Sọ́dọ̀ ta?"

Marlys kàn wò ó.

"Ìyẹn gan-an ni mi ò lè ṣe," Verle wí.

"Ti ọkọ̀ mọ́ ọn."

"Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Gba kọ́kọ́rọ́."

"Tí wọ́n bá wá ní kí o sún ọkọ̀ ńkọ́?"

"Verle Hutchens, ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínláàádọ́rin kì í bá ìtọ̀ jiyàn. Lọ!"

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ lọ síbi ilé ìtọ̀ oníke tí wọ́n tò sẹ́bàá ọgbà ẹṣin. Ènìyàn mẹ́jọ ló tò síwájú rẹ̀. Ìyá kan tó di ológbò mọ́yà wo àpò náà, ó wo Verle, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ mìíràn Marlys ìbá ti rẹ́rìn-ín àríntàkìtì. Lónìí, ojú rẹ̀ ti wà lára fáìlì.

Ó ṣí i. Ìwé lọ́yà ló wà lókè, ojú ìwé mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òǹtẹ̀ ìjọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù àwọn alábòójútó: Orrin pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ tó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí, Dell, Verle. Nísàlẹ̀ pátápátá, fọ́ọ̀mù kan wà tí kò ní òǹtẹ̀. Àwòrán Marlys ló lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó yà nígbà tí wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà lọ sí Alberta.

Ọwọ́ Orrin ló kọ ọ́, lẹ́tà gàgàrà tó máa ń kọ bí ẹni ń gbẹ́ igi. Marlys Joy Tveit. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé. Gíga rẹ̀ pé. Ó ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀, ọkùnrin ẹlẹ́tàn. Níbi tí wọ́n ti béèrè àwọ̀ ojú, ó kọ àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ sì ni Marlys ti ń pe ojú ara rẹ̀ ní aláwọ̀ eérú láti kékeré. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Ṣé ẹjọ́ ọ̀daràn wà lọ́rùn rẹ̀? Rárá. Ṣé ó ń sá fún ìdájọ́? Rárá. Ṣé ó ń lo oògùn olóró? Rárá. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, rárá, rárá, títí tó fi kan ìbéèrè kan: ǹjẹ́ wọ́n ti fi í sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú rí?

Kò sí ìdáhùn níbẹ̀. Bírò ti tẹ ibi àpótí "bẹ́ẹ̀ ni" débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, àmì dúdú kékeré kan, ó sì dúró níbẹ̀. Ojú ìwé tó kù ṣófo.

Ìgbà òtútù tí Britta wà ní oṣù mẹ́fà ni. Orrin ń bẹ nídìí epo rọ̀bì ní North Dakota, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan nílé. Yìnyín ti dí ọ̀nà. Ọmọ ń ké, ìyá ò sùn, oúnjẹ kò ní adùn, ayé sì ti ṣú mọ́ ọn lójú láìsí ẹni tó kú, láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ ọlọ́pàá wá, ó gbé e kọjá òkè lọ sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Dell rí i nígbà tí ọkọ̀ náà ń gbé e lọ. Nígbà tó padà délé, Orrin ti dé, ilé mọ́, ọbẹ̀ wà lórí iná, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mọ́kànlá yẹn mọ́ láti ìgbà náà, ó di ọdún mọ́kàndínlógún.

Àṣé ohun tí Orrin fi sọ́kàn nípa mi nìyẹn, Marlys rò. Wèrè. Omijé gbígbóná dà sójú rẹ̀. Ó fẹ́ ya fọ́ọ̀mù náà, ó wá yí i padà, nítorí obìnrin tó máa ń ka ẹ̀yìn páálí iyọ̀ ni, kì í sì í lè fi ẹ̀yìn ìwé sílẹ̀ láìkà á. Orrin ní tirẹ̀ kì í ka ìlànà ohunkóhun. Kò sí àga tó tò rí tí ìṣó kan kì í ṣẹ́kù sílẹ̀.

Lẹ́tà wíníwíní ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni tí ilé ẹjọ́ tàbí aláṣẹ kan pàṣẹ kí wọ́n fi síbẹ̀ ni ìbéèrè yẹn ń bá wí. Wọ́n ní kò kan ẹni tó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ wọlé gba ìtọ́jú.

Marlys kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún kà á. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀.

"Marlys? Marlys, ṣé o ti jáde?" Ohùn Orrin ń wọlé, ó ń jáde. "Mo ti kọjá Butte. Ṣé o ti jáde?"

"Mo ti jáde. Mo wà ní pápá ìpàtẹ."

"Ọlọ́run ṣeun. Verle ńkọ́?"

"Ó gbé ìbọn rẹ lọ sí ilé ìtọ̀."

"Kí ló gbé?"

"Orrin, fáìlì rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó o kọ orúkọ mi sí."

Marlys ń gbọ́ ariwo táyà rẹ̀ lórí títì, lẹ́yìn náà ariwo náà dín kù, ó sì dá. Ó ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Mo fẹ́ ju ìyẹn nù," ó wí.

"O ò jù ú nù. O purọ́ fún lọ́yà pé mi ò fẹ́."

"Kí ni ǹ bá sọ? Kí n sọ níwájú Verle àti Dell pé... Tí mo bá kọ rárá, irọ́ ni, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n jẹ ọ́ níyà. Tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ìjọba á máa pè ọ́ ní ohun tí o ò jẹ́. Ọwọ́ mi ò gbà á. Mo wá sọ pé o ò fẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n fipá gbé mi?"

"Dell rí ọkọ̀ ọlọ́pàá, Marlys."

"Èmi ni mo pè wọ́n."

Marlys gbé fóònù bọ́ sí etí kejì.

"Ọkọ̀ wa kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Yìnyín dé orúnkún. Ọmọ ń ké, mo sì jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, mo ń wo àwọn ìbọn tó o gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wò wọ́n títí ẹ̀rù ara mi fi bà mí. Mo wá dìde, mo gbé fóònù, mo pe ọlọ́pàá, mo ní kí wọ́n wá gbé mi lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú mi. Mo gbé Britta fún ìyàwó Dell. Nọ́ọ̀sì bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló mú mi wá, mo ní èmi ni. Mo fọwọ́ ara mi sáìn ín. Kò sí adájọ́ kankan. Mo fẹ́ wà láàyè ni, Orrin. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn."

Ohùn Orrin ti fọ́.

"Mi ò mọ̀."

"O ò béèrè."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Kó o tó padà dé ni mo ti ra séèfù yẹn. Gbogbo ìgbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ ni mo ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Ọdọọdún. Mo máa ń rò ó pé tí mo bá fẹnu kàn án, yóò padà wá."

Marlys ti rò pé tìtorí ọmọ tó ń rá ni séèfù yẹn ṣe wọlé. Ó jókòó sínú ọkọ̀, fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń ṣírò rẹ̀: ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yìí ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tó ń ṣọ́ òun. Ó bí i nínú. Ó ṣe é láàánú. Méjèèjì wọ̀ ọ́ lára pọ̀.

"Nọ́ńbà yẹn," Orrin wí lójijì, "jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ báyìí. Mẹ́rin, odo..."

"Má sọ ọ́!"

"Marlys..."

"Má sọ ọ́, mo ní. Orúkọ mi ò tíì sí níbẹ̀. Kọ orúkọ mi ná. Kí wọ́n gba ìtẹ̀ka mi, kí n dúró de òǹtẹ̀ bíi ti gbogbo yín." Ó fa bírò yọ nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ fọ́ọ̀mù náà mọ́ sítíárì, ó sì fi àmì sí "rárá", àmì tó nípọn, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Mo ti dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè mi ni, kì í ṣe tìẹ."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀."

Níta, Verle ti ń bọ̀, àpò dúdú lọ́rùn rẹ̀, ìtura lójú rẹ̀. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Marlys gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí i láti inú gíláàsì, Verle sì dúró síbi tó wà, eérú ń bà lé fìlà rẹ̀.

Orrin ṣì wà lórí fóònù. Ó wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó fi í sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Marlys," ó wí, "báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, ọjọ́ mọ́kànlá yẹn?"

Marlys fi ẹ̀yìn ti àga. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

"Ó tutù," ó wí. "Ọbẹ̀ tòmátò ni wọ́n ń fún wa lójoojúmọ́. Obìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi, Corliss ni wọ́n ń pè é, ó máa ń kọrin lójú oorun. Dúró, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."